Fáànù Kan fún Ẹni Méjì

Níbi tá a tò sí láti ra yúníìtì iná ní Ìkòsí, màmá àgbàlagbà kan àti ọ̀dọ́ ìyàwó kan ládùúgbò wọn ló wà níwájú mi.

"Mummy, ó ti pẹ́ tí mo ti rí yín níbí. Ṣé yúníìtì tiyín kì í tán ni?" Ìyàwó náà ló bi màmá bẹ́ẹ̀.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Látìgbà táwọn ọmọ ti lọ, Daddy wà ní yàrá tiwọn, mo wà ní tèmi. Fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n méjì. Kò ju ká kíra wa láàárọ̀ lọ. Nígbà tí iná wá gbówó lórí, a ní ká jọ máa lo pálọ̀ nìkan."

"Ẹ ò jà?"

"A jà dáadáa! Bọ́ọ̀lù ni wọ́n fẹ́ wò, fíìmù ni mo fẹ́. Ibi tá a ti ń jà la ti bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó, fáànù tó ń fẹ́ wa ló jẹ́ ká tún ara wa fẹ́."

Ká tún ara wa fẹ́! Gbogbo àwa tá a tò la pariwo ẹ̀rín.

Fóònù màmá dún. Wọ́n gbé e sétí, ojú wọn tàn.

"Daddy ni. Wọ́n ní fíìmù mi ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kí n máa bọ̀."

Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá tá a fi yà fún wọn kí wọ́n lè tètè ra tiwọn.