Ohun Tí Mo Sọ sí Fóònù Kabir

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, kí n má gbé e dé sàréè. Kabir ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ la jọ dàgbà sí, kíláàsì kan náà la wà ní pírámárì. Lọ́jọ́ tí aago ọwọ́ tíṣà wa sọnù, Kabir na ìka sí mi: "Mìkáílù ni, mo rí i." Irọ́ ni. Wọ́n nà mí níwájú gbogbo iléèwé, àwọn ọmọ ń kọrin olè tẹ̀lé mi délé. Àwọn òbí mi bẹ̀ mí títí kí n padà. Mo ní mi ò lọ, mi ò sì lọ mọ́. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Mo kọ́ṣẹ́ rédíò títúnṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́; nígbà tí fóònù dé, mo bọ́ sórí fóònù. Ọjà Igbó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ibẹ̀ ni Kabir wá bá mi lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, òun tó ti di oníṣẹ́ awọ, tó ń rán àpò àti tìmùtìmù tà l'Ọ̀yọ́. "Mìkáílù ọmọ Ìsàlẹ̀!" ló fi wọlé, tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ìwọ ni kí o bá mi tún fóònù yìí ṣe o, mi ò fẹ́ ẹlòmíràn." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé aago yẹn.

Ó ní kí n ṣí péèjì kan fún òun, kí òun lè máa polówó ọjà lórí fóònù. Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é: oníbàárà á gbé fóònù kalẹ̀, àwa la ó ṣí àkáǹtì, àwa la ó yan pásíwọ́ọ̀dù, kò tiẹ̀ ní í béèrè rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ dákun, ẹ fọwọ́ ara yín yan tiyín. Nítorí mo ṣí àkáǹtì Kabir tán, mo tún ṣí i sínú fóònù tèmi, mo sì fi í síbẹ̀. Ohun tó bá wò, mo ń rí i. Ohun tí èmi bá sì wá níbẹ̀, orúkọ Kabir ló ń jẹ́.

N kò lè kọ gẹ̀ẹ́sì, ẹnu ni mo fi ń sọ ohun tí mo bá ń wá fún fóònù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé fóònù mi súnmọ́ ẹnu, mo ní kó wá oògùn àtọ̀sí. Mo tún sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Mo ń sọ ọ́ títí fóònù fi gbà pé Kabir ní àtọ̀sí. Ìkà ni mí. Ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ mìíràn fún un.

Mọ̀ríámọ̀, ìyàwó Kabir, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni. Fóònù ọkọ rẹ̀ ló fi ń gbọ́ wáàsí. Bí wáàsí bá ti bẹ̀rẹ̀, ìpolówó á já lù ú: "Ẹ̀yin ọkùnrin, ṣé ìtọ̀ ń ta yín?" Bó ṣe ń pa ọ̀kan ni òmíràn ń yọ. Lọ́jọ́ tó wá kí àwọn òbí rẹ̀, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Saifudeen. Ẹ dákun, ṣé fóònù lè máa dédé gbé irú èyí wá?" Ibẹ̀ ni ǹ bá ti dá a dúró. Ǹ bá kàn ní wèrè ló ń ṣe fóònù, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n mo mí kanlẹ̀ bí ẹni tí àánú ń ṣe. Mo ní, "Ìyá Bushrah, fóònù kì í dédé gbé e wá. Ohun tí èèyàn bá ń wá ló ń gbé wá bá a." Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo fi purọ́ fún un. Kò tiẹ̀ dágbére. Kò sì padà sí Ọ̀yọ́.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni wọ́n pe ìpàdé sílé bàbá rẹ̀. Kabir ní kí wọ́n pe èmi náà, torí èmi ni mo mọ̀ nípa fóònù. Mọ̀ríámọ̀ kò wojú rẹ̀. "Ẹ ní kó kọ̀ mí sílẹ̀. Èmi ò lè bá alágbèrè gbé." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Àna wa, ẹ jẹ́ ká gbọ́, ta lẹ ń rán àpò fún lóru?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Áfàá tí wọ́n pè sí ìpàdé gbé Kùránì síwájú Kabir, kó búra pé òun kò ṣàgbèrè. "Kí n tó búra," Kabir ní, "ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí tí mo ṣe. Nígbà tá a wà ní kékeré, èmi ni mo jí aago tíṣà, tí mo purọ́ mọ́ Mìkáílù yìí. Torí ẹ̀ ló ṣe fi iléèwé sílẹ̀. Mi ò rí ẹnu bẹ̀ ẹ́ ni mo ṣe ń gbé iṣẹ́ wá fún un láti Ọ̀yọ́. Irọ́ tí mo pa, mo mọ̀ ọ́n. Àtọ̀sí yìí, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mìkáílù, bá mi sọ fún wọn, ìwọ lo mọ fóònù."

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Ohun tí mo ti ń fẹ́ gbọ́ láti kékeré ni mo gbọ́ yẹn, kò sì dùn létí mi rárá. Mo yọ fóònù mi lápò, mo ṣí àkáǹtì Kabir níbẹ̀, mo gbé e sọ́wọ́ Áfàá. Ẹnu tí mo fi bá fóònù sọ ọ́ náà ni mo fi sọ ọ́ fún Mọ̀ríámọ̀: "Ìyá Bushrah, ọkọ yín kò wá nǹkan kan. Èmi ni mo wá a. Èmi Mìkáílù ni."