Bí Mo Ṣe Lé Zulfah Jáde Nítorí Ilé Méjì

Alága ìjókòó, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin àgbà Ẹdẹ, ẹ̀yin àáfà àti pásítọ̀ tẹ́ ẹ fa àwọn ọmọ yín lé mi lọ́wọ́, ẹ̀yin àlejò wa láti Sekona àti Ara, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Èmi Kafilat tí mo dúró yìí, ọdún mọ́kànlá ni mo fi nu ilẹ̀ ọsibítù ní Fíńláǹdì. Etí ni mo fi kọ́ èdè wọn, mi ò kà á níwèé. Nígbà tí mo padà délé, tí àwọn nọ́ọ̀sì wa ń wá ọ̀nà ibẹ̀, mo ṣí kíláàsì èdè náà. Ta ló ní ẹni tó ń nu ilẹ̀ ò lè ṣe tíṣà? Nọ́ọ̀sì mẹ́tàlélógójì ló ti ọwọ́ mi débẹ̀! Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ń gbé jẹnẹrétọ̀ yín wá fún wa láti ọdún mẹ́jọ tí kíláàsì yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀. Lédè wọn, "talo" ni ilé, "talot" ni àwọn ilé. Èmi wá rò ó pé méjì ti kúrò ní ọ̀kan, mo ń kọ́ wọn pé "kaksi talot" ni ilé méjì. Wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ti ṣáájú, ìparí ọ̀rọ̀ á yí padà: "kaksi taloa" ni. Wọ́n gbọ́ mi yé lọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni ò sì tún un ṣe fún mi.

Zulfah, ọmọ Sekona, ló nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀." Mo ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo lé e jáde, kò sì padà wá mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, Ìbùkún, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ìgbà náà, pè mí láti Fíńláǹdì. Ó ní, "Mà, ẹ má bínú o. Gbogbo wa la mọ̀ pé Zulfah ló jàre. Tiyín la ń sọ níwájú yín kójú má bàa tì yín, tiẹ̀ la kọ nínú ìdánwò." Ẹ gbọ́ nǹkan! Odidi kíláàsì ń bọ̀wọ̀ fún mi, mo sì ń ṣìnà lọ. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Zulfah, mo rí ọ lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Gbangba ni mo ti dójú tì ọ́, gbangba náà ni mo ti ń bẹ̀ ọ́. Rárá, ẹ má dá mi lẹ́kun, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán. Bí mo ti ń fẹ̀yìn tì lónìí, wọ́n ń bi mí pé ta ni yóò gba kíláàsì yìí, àbí ká tì í pa. Bí o bá lè dárí jì mí, ìwọ ni.

Ó ti dìde! Ẹ yà fún un o. Gba kọ́kọ́rọ́, ọmọ mi.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí gbogbo wa sí. Ire la ó máa gbọ́ nípa àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi, àgbà wa ò ní di aláìgbọràn. Àmín. Tíṣà Zulfah, kọ orúkọ mi sínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bó bá di Mọ́ńdè, ìjókòó iwájú ni n ó wà.

Ẹ ṣé o.