Owó Ẹ̀ẹ̀kan Tí Mo Sọ Di Tọdọọdún

Ó tó gẹ́ẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, kí n yáa lọ to ilé mi. Èyí ni mo máa kọ́kọ́ tò.

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n máa fojú díwọ̀n iye tó máa wọlé fún ìjọba àpapọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, iye tó máa jáde, àti iye tí wọ́n máa yá láti fi dí àlàfo àárín wọn. Àwa méjì là ń ṣe é. Òfin ọ́fíìsì ni pé kí kálukú ṣírò tiẹ̀ lọ́tọ̀, kó tó di pé a fi wéra. Ojú ìwé méjì ni ìṣirò ẹnì kọ̀ọ̀kan: òǹkà wà lójú ìwé kìíní, orúkọ àti ìbuwọ́lùwé wà lójú ìwé kejì. Tún-un-kà là ń pe obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́, torí kì í gba òǹkà kankan gbọ́ àfi tó bá kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́dún yẹn, ilé-iṣẹ́ ńlá kan san owó orí tó ti ń sá fún láti ọdún mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá wa pè mí, ó ní àlàfo náà ti fẹ̀ jù, àwọn aṣòfin ò ní gbà á. Ó rọra béèrè bóyá irú owó bẹ́ẹ̀ ò lè máa wọlé lọ́dọọdún. Mo mọ̀ pé kò lè ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n àga igbákejì ọ̀gá ṣófo, ojú mi sì wà lára rẹ̀, ọ̀kánjúà tí mo jẹ́. Mo kọ ọ́ pé á máa wọlé.

Nígbà tá a fi wéra, Tún-un-kà wo ìwé mi títí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, owó yìí ò ní padà wá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀.” Ojú tì mí, mo sì jágbe mọ́ ọn. Òǹkà tèmi ni ọ̀gá gbé lọ fún àwọn aṣòfin.

Owó náà ò padà wá. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ń gé owó ilé ìwòsàn, àwọn aṣòfin sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti mọ ẹni tó ṣìṣe. Ibí ni mo ti di ìkà gan-an. Mo wọ yàrá àkójọ ìwé, mo tú pín-ìn-nì tó so ojú ìwé wa pọ̀, mo sì pààrọ̀ ojú ìwé kìíní. Òǹkà mi bọ́ sórí orúkọ rẹ̀, òǹkà rẹ̀ bọ́ sórí orúkọ mi. Ọ̀gá mọ̀, ṣùgbọ́n kò tú àṣírí mi. Wọ́n yìn mí pé mo kìlọ̀. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, mo sì jókòó sórí àga tí mo ń wá.

Níjẹta mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ìwé àti bíró. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó ní, “Ẹ dìde. Títí ìyá mi fi kú, ó gbà pé aláìmọṣẹ́ lọmọ òun. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́.”

Màá lọ. Lọ́jọ́ Ajé, níwájú ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin, màá ka èyí sókè. Ìyàwó mi ní wọ́n lè gba owó ìfẹ̀yìntì wa. Mo ní kí wọ́n gbà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ náà báyìí, òǹkà tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé irọ́ ni, ẹ má kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kọ ọ́, mo sì ń pa irọ́ mìíràn kún un títí dòní. Obìnrin yẹn ò ṣìṣe. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn, mo sì bẹ gbogbo yín kẹ́ ẹ dárí jì mí.

Bí mi ò bá lè dé ọjọ́ Ajé, ọmọbìnrin mi àgbà á bá mi kà á. Mo fún un láàárọ̀ yìí. Ó kà á tán, ó ní òun á lọ. Ó ká a sínú àpò rẹ̀, ó sì jáde.