Sìmẹ́ńtì Lórí Ìgò Dírípù

[Oṣù Kẹsàn-án, 1984. Àmọ̀kẹ́, ìyá Àwáwù, alábòójútó ibùdó ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Ṣakí, ló pe Olúsọjí, máníjà wọn ní Ìbàdàn, láti ilé ìfìwéránṣẹ́.]

OPERÉTỌ̀: Ìbàdàn ti gbé e. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré o, Ìyá Àwáwù.

ÀMỌ̀KẸ́: Olúsọjí, ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́?

OLÚSỌJÍ: Ẹ káàsán, Mà. A dúpẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ọkọ̀ ti—

ÀMỌ̀KẸ́: Wọ́n wà. Ta ló di ẹrù ọkọ̀ Àmúdà dírẹ́bà?

OLÚSỌJÍ: Èmi fúnra mi ni mo dúró tì wọ́n.

ÀMỌ̀KẸ́: Ìwọ fúnra rẹ. Ó dáa. Ọgọ́rùn-ún àpò sìmẹ́ńtì lórí páálí dírípù. Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?

OLÚSỌJÍ: Mà, Ṣakí ni sìmẹ́ńtì ń lọ, Ìgbẹ́tì ni dírípù. Ẹrù tó máa kẹ́yìn sọ̀kalẹ̀ la kọ́kọ́ ń gbé. Procedure ni.

ÀMỌ̀KẸ́: Ìgò ò mọ procedure. Ogún ti fọ́.

[Ìró hùù lórí wáyà]

ÀMỌ̀KẸ́: Ṣé o gbọ́ mi?

OLÚSỌJÍ: Ogún kí ni?

ÀMỌ̀KẸ́: Ogún ìgò!

OLÚSỌJÍ: Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ ò lè tú ẹrù Ìgbẹ́tì ní Ṣakí, Mà.

ÀMỌ̀KẸ́: Ọkọ̀ ò dé Ṣakí rárá. Omi ti gbé afárá lọ láàárín Tẹ̀dé síbí. Àmúdà wà lódìkejì, ó ń wo odò bí ẹni ń wo sinimá.

OLÚSỌJÍ: Kó dúró. Mo máa kọ̀wé sí head office, wọ́n á—

ÀMỌ̀KẸ́: Kọ ọ́. Onígbáméjì kì í ka lẹ́tà. Ènìyàn mọ́kànlélógójì ló wà lórí ẹní ní Ìgbẹ́tì, ọmọdé ló pọ̀ jù. Nọ́ọ̀sì Kíkẹ́ ránṣẹ́ lánàá pé ìgò méjì ló kù lọ́wọ́ òun.

OLÚSỌJÍ: Áà. Ẹ wá ṣe báwo?

ÀMỌ̀KẸ́: Mo háyà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mẹ́jọ lọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Wọ́n mọ ibi tí odò ò ti jìn. Páálí méjì méjì. Ọkọ̀ kékeré wa gbà á létí odò lápá ibí, ó ti mú ọ̀nà Ìgbòho pọ̀n.

OLÚSỌJÍ: Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́! Ilé-iṣẹ́ tó ní lọ́rì méjìlá! Mà, kí laráyé máa sọ?

ÀMỌ̀KẸ́: Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ máa ń fẹsẹ̀ wọn omi kó tó wọ̀ ọ́. Mélòó nínú ẹ̀yin máníjà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

[Ohùn ń lọ, ó ń bọ̀]

ÀMỌ̀KẸ́: Ṣé o gbọ́ mi? Èyí tó kọjá ò lè tó wọn di ọ̀la. Páálí ọgbọ̀n ṣì wà ní yàrá ẹrù yín. Kó o sọ́kọ̀ nísinsìnyí, kó gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìgbẹ́tì tààrà.

OLÚSỌJÍ: Ọ̀nà yẹn ò sí lórí approved route wa.

ÀMỌ̀KẸ́: Ó wà lórí ilẹ̀.

OLÚSỌJÍ: Tí wọ́n bá wá bi mí—

ÀMỌ̀KẸ́: Sọ pé èmi ni. Kí wọ́n lé mi. Ọkọ̀ dà?

OPERÉTỌ̀: Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti ń pé o.

OLÚSỌJÍ: [ó ń pariwo sẹ́yìn] Ràsáàkì! Má pa ọkọ̀ yẹn! Kó dírípù sí i, gbogbo ẹ̀! Ògbómọ̀ṣọ́ lò ń gbà! [sínú fóònù] Ó ń lọ, Mà.

ÀMỌ̀KẸ́: Má gbé nǹkan kan lé e lórí.

OLÚSỌJÍ: Mo ti gbọ́. Mà… sìmẹ́ńtì yẹn, Alága wa ló ni ín o, ti ilé tó ń kọ́ sí Ṣakí. Abẹ́ tapólì ló wà, àbí?

ÀMỌ̀KẸ́: Tapólì la gé, tá a fi wé páálí kọjá odò.

OLÚSỌJÍ: Òjò ò rọ̀ níbẹ̀, àbí? Mà? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÀMỌ̀KẸ́: Ó rọ̀ dáadáa.

OLÚSỌJÍ: Yéè! Kí ni mo fẹ́ wí fún Alága?

ÀMỌ̀KẸ́: Wí fún un pé ó ti di òkúta. Tó bá ń bọ̀ wá kó o, ibi afárá tó já yẹn ni kó tò ó sí, ká lè rí nǹkan tẹ̀—

[Wáyà já.]