Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Mo Pa Rẹ́ Lórí Fóònù Màmá Aránṣọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ bí a ti ń ta líìnì fóònù lọ́dọ̀ mi, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Oyún ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbé kiri ti pé oṣù, kò sì sí ohun tí a lè fi oyún tó pé oṣù ṣe ju kí a bí i lọ. Dánanwò ni gbogbo yín ń pè mí, ẹ sì rò pé oríkì ni. N óò sọ bí orúkọ náà ti di ẹrù sí mi lọ́rùn. N óò rọra sọ ọ́, nítorí ìwé tí mo kà kò pọ̀, ẹ̀rù àṣìsọ sì máa ń bà mí. Ohun tí n kò bá mọ̀, n óò sọ pé n kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ mọ iṣẹ́ wa. A kò ní ṣọ́ọ̀bù, a kò ní pátákó. Ẹnu ni ọjà wa. Ẹni tí líìnì bá tẹ́ lọ́rùn ni yóò mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, ọ̀rẹ́ yóò mú aládùúgbò wá, ilé-iṣẹ́ yóò sì máa fún wa ní nǹkan díẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń lò ó. Tíṣà ló mú mi wọ iṣẹ́ náà, ọkùnrin kan tó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ilé-ìwé kò tíì fi í sílẹ̀. Ó ní, "Má pariwo ọjà. Wọ ilé oníbàárà, jókòó síbi tí òun gan-an máa ń jókòó sí, kí o sì pe ènìyàn. Bó bá wọlé, ọjà ti tà. Bí kò bá wọlé, kí i pé ó dàbọ̀." Ìmọ̀ràn rere ni. Mo tẹ̀ lé e débi pé bí mo bá ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn ènìyàn á máa kígbe pé, "Dánanwò, ó yá, wá dán tiwa wò!" Báyìí ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Màmá Aránṣọ, àbúrò bàbá mi.

Ilé àtijọ́ ni ilé rẹ̀, ògiri rẹ̀ nípọn, páànù ló sì fi bo orí rẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ni ó ti ń ránṣọ, ibẹ̀ náà ni ó ń sùn. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, ó sì ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú òkèèrè. Ìjà ni wọ́n fi pínyà. Màmá fẹ́ kó dúró kó jogún máṣíìnì òun, ọmọ kọ̀, Màmá sì sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé, "Tí o bá ti lọ, má wulẹ̀ pè mí." Gbogbo wa tí ìyá bí la mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó ti ń jáde lẹ́nu ni ọkàn ti ń gbàdúrà kí ọmọ má gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ tí mo dé, mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀, mo sì pe Tíṣà. Ohùn Tíṣà já gaara. Màmá gba fóònù náà, ó tẹ́tí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. Ó ní, "Àbí inú àjákù aṣọ mi lọkùnrin yìí wà ni?" A rẹ́rìn-ín. Ó ra líìnì. Fóònù rẹ̀ kékeré, kò gbà ju líìnì kan lọ, nítorí náà mo yọ ti àtijọ́, mo sì ní kó sọ ọ́ nù. Èmi fúnra mi ni mo fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì. Ojú ọ̀nà ni mo wà nígbà tí mo wo fóònù mi dáadáa. Líìnì méjì ni tèmi ń gbà, tiwa àti ti ilé-iṣẹ́ tí Màmá ń lò tẹ́lẹ̀. Mo ti gbàgbé láti yan tiwa. Irú líìnì tí mo ní kí Màmá sọ nù gan-an ni mo fi pe Tíṣà, òun ni mo fi tà á ní tiwa.

Títí débí, àṣìṣe ni. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ojú ibi tí àṣìṣe parí sí tí ẹ̀ṣẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ń wá láti ìgbà náà, bí ẹni wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ. Màmá ń wọn aṣọ fún oníbàárà kan ní yàrá iwájú, mo bá fi líìnì tiwa sójú iṣẹ́, mo sì ń gbé fóònù lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ru omi tó kún dẹ́nu. Lójú fèrèsé iwájú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún. Lẹ́nu kọ́tìnì, ó dín. Bí mo ti wọ yàrá ẹ̀yìn, ó kú fin-ín-fin-ín. Mo fà sẹ́yìn, ó jí. Mo wọlé, ó kú. Mo ń ṣe é lọ bí eré. Bóyá ògiri ni o, bóyá páànù ni, n kò mọ̀. Tíṣà ní ògiri ni, ẹni tó ń ṣe iná fún wa ní páànù ni. Mo fẹ́ jáde lọ sọ fún Màmá, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń sọ fún oníbàárà pé, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló tà á fún mi. Létí máṣíìnì mi níbẹ̀, ketekete!" Obìnrin náà dáhùn pé, "Ó ti tán, Màmá. Èmi àti ọkọ mi la máa rà á." Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Nígbà tí mo sọ fún Tíṣà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ó ti fẹjọ́ sùn ni? Nígbà tí aláàárù kò sọ pé ẹrù wúwo, ta ni yóò bá a sọ ọ́?"

Ẹnu Màmá ni mo fi ta àdúgbò náà tán. Ẹni tó bá wá wọn aṣọ ni yóò bá líìnì lọ. Ṣùgbọ́n Màmá fúnra rẹ̀ kàn ń wo fóònù rẹ̀ ṣáá ni. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ọmọ yìí ò pè mí o." Mo ní, "Ẹ pè é, Màmá." Ó yí ojú padà sí mi. "Kí n pè é? Èmi ni mo bí i ni àbí òun ló bí mi?" Mo mọ ìdí tí fóònù kò fi dún. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń bá a kẹ́dùn! Ẹ wo ojú tí mo fi ń bá a kẹ́dùn.

Èyí tó burú jù ló kù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá jáde sí yàrá iwájú, ó na fóònù sí mi. "Ojú mi ò ka kékeré yìí mọ́. Kí ni ilé-iṣẹ́ yín ń sọ fún mi ṣáá? Tí mo bá ti jáde síbí, á bẹ̀rẹ̀ sí í dún gìrì gìrì." Mo ṣí i. Ilé-iṣẹ́ ló ń sọ fún un pé nọ́ńbà báyìí pè ọ́ nígbà tí a kò rí fóònù rẹ. Nọ́ńbà kan náà ni, ó tò síra bí ẹsẹ̀ èèrà. Nọ́ńbà nọ́ọ̀sì ni. Èyí tó kẹ́yìn, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan fóònù yín. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Ohùn yín ni mo fẹ́ gbọ́." Màmá dúró, ó ń ṣa òwú kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó ń wo ẹnu mi. "Kí ni wọ́n wí?" Mo ní, "Ìpolówó ni, Màmá. Wọ́n ní kí ẹ wá ra fóònù ńlá." Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi tí n ò tíì mọ kékeré lò! Bá mi pa wọ́n rẹ́, jàre." Mo ń pa wọ́n rẹ́ níkọ̀ọ̀kan, títí mo fi kan ti ọmọ náà. Ìka mi dúró. Màmá ní, "Ṣé kò sí ti ọmọ mi níbẹ̀?" Mo ní, "Kò sí." Lẹ́yìn náà ni mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i: mo ti parọ́ kí n tó pa á rẹ́, bí ẹni pé mo fẹ́ kí irọ́ náà tètè di òótọ́. Kí ni mo ń rò nígbà náà? Kì í ṣe owó. Mo ń rò pé wọn kò ní pè mí ní Dánanwò mọ́.

Nọ́ọ̀sì wá sílé láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé, ó dúró ní yàrá ẹ̀yìn tòun ti báàgì lọ́wọ́, ó fi fóònù tirẹ̀ pe ti ìyá rẹ̀, fóònù orí tábìlì sì dákẹ́ lọ. Ó ní, "Wọ́n ní ẹ ti pa á." Màmá gbé e sókè. "Pípa báwo? Èyí tó ń tanná sí mi lójú! Ẹ dúró, Dánanwò á mọ̀ ọ́n. Ìṣojú mi ló ti dán an wò." Ọ̀rọ̀ yìí ló fọ́ mi. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ líìnì méjì náà. Màmá ní, "Ìyẹn náà ni? Ẹ̀rọ ló ṣì ọ́ lọ́nà. Dìde ńlẹ̀." Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, àtẹ̀jíṣẹ́ mi ńkọ́?" Ìyá rẹ̀ ló bá mi dáhùn: "Kò wọlé. Ìpolówó nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n fi ránṣẹ́. Bi í léèrè, òun ló kà á fún mi." Mo mi orí bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹ̀yà ara mi tó wúwo tó orí tí mo mì yẹn.

Mo padà lọ láti ilé dé ilé. Mo yọ gbogbo líìnì mìíràn kúrò nínú fóònù mi, mo tún ibi gbogbo dán wò, mo sì ní kí àwọn tí tiwa kò dé yàrá wọn padà sí ti àtijọ́. Mo gbé máṣíìnì Màmá wá sí yàrá iwájú. Mo rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí nọ́ọ̀sì bá pè, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń sọ ni pé, "Màmá, ṣé inú ò bí yín sí mi?" N kò lè gbọ́ ọ mọ́. Mo sọ ti àtẹ̀jíṣẹ́ fún Màmá. Ó ń gé aṣọ lọ́wọ́, kò sì dúró títí ó fi gé e tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kí ló kọ? Sọ ọ́ bó ṣe kọ ọ́." Mo sọ ọ́, n kò sọ ọ̀rọ̀ kan nù. Ó ní kí n tún un sọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Lọ kọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn tí ò ń kọ́ níṣẹ́. Ní ti ìdáríjì, kò sí lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí ọmọ mi bá pè mí tí kò kọ́kọ́ bi mí bóyá inú ń bí mi, wá gbà á."

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ yọ líìnì kejì kí ẹ tó wọ ilé ènìyàn. Bí ẹ bá ṣèèṣì, ẹ yí padà kí ẹ tó dé ìkóríta, nítorí àṣìṣe kì í pẹ́ kó tó di ìwà. Ẹ sì bá mi bẹ Màmá. Lánàá mo jókòó tì í nígbà tí fóònù dún. Ó gbé e sétí, ó ń wò mí, èmi náà na etí bí ẹni ń retí ìdájọ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù náà, ó sì rọra sọ fún mi pé, "Kò tíì yá."