Nọ́ọ̀tì Méjì Tó Wà Lápò Mi Nígbà Tí Àlàájì Bi Mí Léèrè

Aago márùn-ún ti kọjá ogún ìṣẹ́jú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún tó kọjá nígbà tí mo pa irọ́ kan tí kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè wo ojú ọ̀rẹ́ mi dáadáa. Mi ò sọ fún ìyá mi, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí ni mo fẹ́ sọ fún, nítorí pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ìkòròdú ni mò ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí mi. Mo kàwé nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì, mo ti sin ìjọba tán, mi ò sì tíì ríṣẹ́. Rídíwánù ni ọ̀rẹ́ mi látìgbà tá a ti wà níléèwé. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Bàbá rẹ̀, Àlàájì, ní ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ kan, onílẹ̀kùn méjì, tí imú rẹ̀ gùn, tí ẹ́ńjìnnì V8 inú rẹ̀ máa ń mi ilẹ̀ tí wọ́n bá ti ṣáná sí i. Bàbá tó bí Àlàájì ló rà á. Àlàájì kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e fún èmi àti Rídíwánù pé kí á tún un ṣe. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Kò sẹ́ni tó tíì gbé nǹkan gidi lé mi lọ́wọ́ látìgbà tí mo ti jáde ìwé.

Òfin kan péré ni Àlàájì ṣe: "Ẹ lè pààrọ̀ ohun tó bá ti gbó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ bàbá mi ò gbọdọ̀ jáde sójú títì tí ohunkóhun bá dín lára rẹ̀."

A ṣe é dáadáa. A fi sípíríǹgì tó le sí i, a pààrọ̀ àwọn ṣọ́ọ̀kì tó ń gba gbígbọ̀n rẹ̀, a ṣe aláímẹ́ǹtì àwọn táyà rẹ̀ títí tó fi ń yí kọ́nà bí ẹni pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ wa kan pè wá sí ìdíje eré ọkọ̀ lójú ọ̀nà tààrà kan, nínú ẹ́sítéètì tí wọn ò tíì kọ́lé sí, lẹ́yìn Ìmọ́tà. Bí a ṣe débẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ gbé àǹtíìkì yín padà sílé o, kó má lọ kú síbí!"

Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mọ̀ pé ohun tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ dúró dáadáa ní kọ́nà kọ́ ló ń jẹ́ kó fò síwájú. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ fò, imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbéra kí ìwúwo rẹ̀ lè bọ́ sórí táyà ẹ̀yìn. Irin gbọọrọ kan wà níwájú tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sìtábíláísà. Òun ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tó bá ń yí kọ́nà, ṣùgbọ́n òun náà ni kì í jẹ́ kí imú gbéra. Nígbà tí Rídíwánù lọ kí ìrun Àsárì, mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo tú nọ́ọ̀tì méjì tó dè é mú, mo já irin náà sílẹ̀. Mi ò sọ fún un. Mo fẹ́ kó borí, kí n wá sọ fún gbogbo wọn lẹ́yìn náà pé ọgbọ́n tèmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìkà. Ìgbéraga ni.

Rídíwánù ló wa ọkọ̀, ó sì borí lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó tún pe ọkọ̀ wa ní àǹtíìkì.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wọ abẹ́ ọkọ̀ láti so irin náà ni mo gbọ́ tí Rídíwánù ní, "Dádì ti dé o!" Àlàájì ń ti Ìkòròdú bọ̀, wọ́n ní Rídíwánù ti sọ ibi tí a wà fún àwọn, àwọn yà wò wá. Mo sáré jáde, mo kó nọ́ọ̀tì méjèèjì sápò, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn.

"Ínjíníà wa," wọ́n rẹ́rìn-ín, "kí lo lọ wá lábẹ́ ọkọ̀? Ṣé nǹkan kan dín ni?"

"Rárá, sà."

"Ìwọ ni mo gbọ́kàn lé o. Rídíwánù yìí, eré nìkan ló wà lórí ẹ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àlàájì ní kí Rídíwánù máa wa ọkọ̀ náà lọ sí Ẹ̀pẹ́ lójú ẹsẹ̀, pé àwọn á máa tẹ̀lé e lẹ́yìn, àwọn fẹ́ gbádùn ìró rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí wọ́n dúró ná? Mo ti sọ fún àgbàlagbà lójú gbogbo ènìyàn pé kò sí ohun tó dín. Tí mo bá padà sábẹ́ ọkọ̀, mo ti di òpùrọ́ níwájú wọn. Mo wò wọ́n títí wọ́n fi lọ. Mo pe Rídíwánù lórí fóònù pé kó rọra. Kò gbé e. Ariwo ẹ́ńjìnnì yẹn ò lè jẹ́ kó gbọ́.

Ní kọ́nà tó ṣáájú ìyànà Ejìnrìn, ọkọ̀ náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó kúrò lójú títì, ó lọ kọ lu igi àgbọn. Ẹsẹ̀ òsì Rídíwánù ṣẹ́. Iwájú ọkọ̀ rún débi pé kò sí mẹkáníìkì tó lè mọ ohun tó dín lára rẹ̀ mọ́.

Ní ọsibítù, Rídíwánù ń sọ pé, "Mo tẹ búréèkì, mo búra. Ọkọ̀ yẹn kàn sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni."

Àbúrò bàbá rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Gbogbo àwọn asáré ló máa ń tẹ búréèkì tí wọ́n bá ti dé orí bẹ́ẹ̀dì."

Mo wà níbẹ̀. Mo gbé ọsàn wá fún un. Ọsàn yẹn ni mo ń bó fún un.

Ó ń tiro díẹ̀ báyìí. Tó bá ń bọ̀, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Èyí tó burú jù ni pé òun náà ti gbà pé eré òun ló fà á. Ìgbà míì, èmi náà máa ń sọ fún ara mi pé bóyá eré ni lóòótọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kàwé rẹ̀. Àlàájì kì í bá a sọ̀rọ̀ mọ́ ju kó kí wọn, kí wọ́n dá a lóhùn. Wọ́n tún ní àwọn ò ní tẹ̀lé e lọ sílé àwọn Sìdíkátù, ọmọbìnrin tí Rídíwánù fẹ́ gbé níyàwó. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò lè tọ́jú ọkọ̀, ṣé ọmọ ọlọ́mọ ni kí n lọ gbà fún un?" Àwọn ẹbí ọmọbìnrin náà ti ń béèrè ohun tó ń dá wọn dúró.

Lọ́sẹ̀ yìí, Rídíwánù wá bá mi nílé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní òun fẹ́ lọ bẹ bàbá òun lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ bàbá rẹ̀ kì í dá lọ bẹ̀ ẹ́. Àgbàlagbà méjì máa bá a lọ.

"Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo fẹ́ kó bá mi ṣáájú ọ̀rọ̀," ló wí. "Ìwọ ni Dádì gbà gbọ́. Wọ́n ṣì máa ń sọ pé ká ní ìwọ lo wa ọkọ̀ yẹn ni, kò ní kọ lu igi."

Mo ní, "Kò burú." Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo ní kò burú.

Nọ́ọ̀tì méjèèjì ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ fún Rídíwánù nìkan kó tó di ọjọ́ Àìkú, kó lè mọ̀ pé òótọ́ lòun sọ, pé òun tẹ búréèkì? Tàbí kí n dúró títí a ó fi dọ̀bálẹ̀ níwájú Àlàájì, kí n wá kó nọ́ọ̀tì náà jáde lójú gbogbo wọn, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ojú gbogbo ènìyàn náà ni mo ti purọ́? Ẹ má sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Mo ti gbìyànjú ìyẹn.

Rídíwánù ní kí n bá òun bẹ bàbá òun. Ta ni yóò bá mi bẹ Rídíwánù?