Bàálù Kò Pẹ́ Rárá

Àbúrò mi, jókòó. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi, ohùn mi ti ń lọ sílẹ̀. Dókítà ò fi bò mọ́ pé ikú mi ti sún mọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí mo gbé pamọ́ sínú gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Bí ẹ ṣe mọ ọ̀rọ̀ ikú ìyá wa kọ́ ló ṣe rí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí iṣẹ́ sókè òkun, gbogbo nǹkan ni Màámi fi ń pè mí wálé. Òrùlé ń jò, kí n wá. Eyín ń dùn wọ́n, kí n wá. Ó sú mi. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí lórí fóònù pé, "Báwo ni ibẹ̀ yẹn tiẹ̀ ṣe jìnnà tó?" Mo ní, "Màámi, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni. Bàálù mẹ́rin là ń wọ̀." Irọ́ funfun báláú! Bàálù kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, ilé ló ti máa jẹun alẹ́. Àánú mi ṣe wọ́n: "Háà, ọmọ mi, má yọ ara ẹ lẹ́nu mọ́." Wọ́n wá ń fi mí yangàn ládùúgbò pé ọjọ́ mẹ́ta ni bàálù fi ń fò dé ọ̀dọ̀ ọmọ àwọn. Èmi aláìnítìjú ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àìsàn dá wọn wólẹ̀, ìwọ lo pè mí, àbúrò mi. O ń sunkún: "Bùrọ̀dá mi, ẹ máa bọ̀! Orúkọ yín nìkan ló kù lẹ́nu wọn." Mo wọ bàálù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Inú bàálù ni jìnnìjìnnì ti bò mí. Tí mo bá yọ sí yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ni n ó sọ? Gbogbo ọdún tí mo fi yẹra fún wọn ni yóò tú síta. Ẹ gbọ́ o, ibi tó burú jù nìyí. Mo balẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú ìlú wa níbí, mo gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo tilẹ̀kùn mọ́rí, mo ń dúró kí ọjọ́ mẹ́ta pé. Takisí ì bá ti gbé mi dé ẹ̀gbẹ́ wọn kíá! O ń pè, mo ń dáhùn pé, "Mò ń dúró de bàálù kẹta." O gbé fóònù sí wọn létí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun? Sọ fún awakọ̀ bàálù kó má sáré o, kó rọra." Mo dìde, mo wọ bàtà. Ẹ̀rù bà mí, mo tún bọ́ ọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, o pè pé wọ́n ti lọ.

Mo wá gbé àpótí wọlé bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. O gbé omi ìwẹ̀ fún mi, o ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀nà yín ló jìn." Mo sì wẹ̀! Irú èèyàn wo ni mí?

Àbúrò mi, láti ìgbà yẹn lo ti ń bú bàálù fún gbogbo àlejò, pé ká ní ó yá ni, ǹ bá ti bá wọn láyé. Jọ̀ọ́, má sọ ọ́ mọ́. Bàálù gbé mi dé lásìkò. Mo mọ̀ pé wọ́n ń pè mí, mo sì jókòó. Tó ò bá fẹ́ di ọwọ́ mi mú mọ́, fi í sílẹ̀, àmọ́ dárí jì mí kí n tó lọ, torí mi ò mọ ojú tí n ó fi wò wọ́n lọ́hùn-ún.